Wylfa Newydd: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ilé iná núkílíà tí Jàpáànù fẹ́ kọ́ sí Wales

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Hitachi ti Jàpáànù kéde láti Tokyo pé òun dá iṣẹ́ dúró lórí ilé iná núkílíà tí òun fẹ́ kọ́ sí Wales. Ìjọba méjì ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ìwé àyẹ̀wò ríákítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ooru núkílíà ti ń jáde, ti jáde, àwọn òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ irinwó sì ti ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò tíì da kọnkéré ríákítọ̀ kankan. Wylfa ni mo fi dáhùn àwọn ìbéèrè tí ènìyàn máa ń bi ara wọn nígbà tí ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ lọ kọ́ irú ilé iná bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tó máa ń ṣòro nínú irú iṣẹ́ yìí ló hàn gbangba níbẹ̀. Ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló kùnà. Ẹ̀rọ kọ́. Ẹni tí yóò ru ewu owó náà ni wọn ò rí.

Níbo ni Wylfa wà, kí ló sì jẹ́?

Etíkun àríwá Ynys Môn ni Wylfa wà, lórí erékùṣù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Anglesey. Abúlé Cemaes ló múlé tì í. "Newydd" ni "tuntun" lédè àwọn ará Wales. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ògbólógbòó kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ilé iná oníríákítọ̀ méjì, irú tí wọ́n ń pè ní Magnox, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 1971. Wọ́n pa ríákítọ̀ kan ní 2012, wọ́n pa èkejì ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2015. Òun ni Magnox tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní Bìrìtéènì.

Nǹkan bí 70,000 ènìyàn ló ń gbé erékùṣù náà, iṣẹ́ tó ń mú owó gidi wọlé kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ alumíníọ̀mù tó wà nítòsí Holyhead, tó jẹ́ pé iná Wylfa ló ń lò, ti tilẹ̀kùn ní 2009. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Wylfa tuntun, ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí níbẹ̀ ju iná lọ. Wọ́n ń rò ó bóyá ọmọ wọn á lè ríṣẹ́ ṣe láì fi ilé sílẹ̀.

Báwo ni Hitachi ṣe dé ibẹ̀?

Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ dé. E.ON àti RWE, ilé-iṣẹ́ iná ńlá méjì láti Jámánì, para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Horizon sílẹ̀ ní 2009. Horizon ló gba ilẹ̀ Wylfa, òun náà ló gba ilẹ̀ Oldbury tó wà létí odò Severn ní England.

Lẹ́yìn náà ni jàmbá ilé iná núkílíà Fukushima ní Jàpáànù ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011. Ìjọba Jámánì pinnu pé òun yóò pa gbogbo ríákítọ̀ òun. Owó tí E.ON àti RWE ń pa nílé wá dín kù gan-an, nígbà tó sì di oṣù Kẹta 2012, àwọn méjèèjì ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n gbé Horizon sọ́jà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Hitachi rà á ní mílíọ̀nù 696 pọ́n-ùn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà mẹ́nu bà. Ní oṣù Kẹwàá yẹn kan náà, ọjọ́ 14, àwọn ará Lithuania dìbò lórí ríákítọ̀ tí Hitachi fẹ́ kọ́ sí Visaginas lọ́dọ̀ wọn. Ó lé ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò tó sọ pé àwọn ò fẹ́. Àfi bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kan mọ́, tí kò ṣe méjì kó tó wá òmíràn kàn. Owó tí Hitachi san lórí Horizon kò yà mí lẹ́nu lẹ́yìn tí mo mọ èyí.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni Hitachi. Kí ló kan ìjọba Jàpáànù níbẹ̀?

Ó kàn án púpọ̀. Lẹ́yìn Fukushima, àwọn ríákítọ̀ Jàpáànù dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ṣì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ́ ríákítọ̀: Hitachi, Toshiba àti Mitsubishi Heavy Industries. Ilé ìrọ àwọn ìkòkò irin ńláńlá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ẹnjiníà tó ti fi gbogbo ayé wọn kọ́ iṣẹ́ náà, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe fááfù àti páìpù fún wọn kò sì níye. Irú ìmọ̀ yìí kì í dúró de ènìyàn. Bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá láìsí iṣẹ́, àgbà á fẹ̀yìn tì, ọmọdé á wá nǹkan mìíràn kọ́.

Kódà kí Fukushima tó ṣẹlẹ̀ ni èrò títa ríákítọ̀ sókè òkun ti wà. Ní 2010, àwọn ilé-iṣẹ́ iná àti àwọn tó ń ṣe ríákítọ̀ ní Jàpáànù jọ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ìjọba, orúkọ rẹ̀ ni JINED, kó lè máa ṣojú gbogbo wọn níwájú àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹ́ rà. Nígbà tí Shinzo Abe di olórí ìjọba, ó gbé e ga sí i. Ètò tí ìjọba rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2013 ni pé kí ọjà ohun amáyédẹrùn tí Jàpáànù ń tà sókè òkun, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin, iṣẹ́ omi, ilé iná àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tó tírílíọ̀nù 30 yen tó bá fi máa di 2020. Ilé iná núkílíà wà lára ohun tó wúwo jù nínú ètò yẹn. Abe fúnra rẹ̀ máa ń kó àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ dání bó bá ń rìnrìn àjò.

Nínú irú iṣẹ́ báyìí, ta ni ń ṣe kí ni?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ, nítorí pé ibi tí iṣẹ́ kan bá ti da ojú rú ni àríyànjiyàn owó máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́wọ́ ọ̀tún ni Jàpáànù. METI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọrọ̀ ajé àti òwò, ló ń darí ètò. JBIC ni báńkì ìjọba tó ń yá àwọn oníṣòwò Jàpáànù lówó fún iṣẹ́ òkè òkun. NEXI ni adójútòfò ìjọba: bí oníbàárà lókè òkun kò bá san gbèsè, òun ló ń san án fún báńkì tó yá a. Ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lórí núkílíà, mínísítà Hiroshige Seko ló fọwọ́ sí i fún Jàpáànù, mínísítà Greg Clark fún Bìrìtéènì.

Lọ́wọ́ òsì ni Bìrìtéènì. Ìjọba ibẹ̀ ló ń pinnu iye tí wọ́n máa ra iná. ONR, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò núkílíà, ló ń yẹ ríákítọ̀ wò. Àwọn olùyẹ̀wò ètò ilẹ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará àdúgbò.

Láàárín àwọn méjèèjì ni Horizon wà, òun ni yóò ni ilé iná náà. Hitachi-GE, ilé-iṣẹ́ tí Hitachi àti GE ti Amẹ́ríkà jọ ni, ni yóò ta ríákítọ̀ fún un. Hitachi, JGC ti Jàpáànù àti Bechtel ti Amẹ́ríkà jọ dá ẹgbẹ́ akọ́lé kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Menter Newydd. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń darí ilé iná núkílíà, Exelon ti Amẹ́ríkà àti ilé-iṣẹ́ Jàpáànù kan tó ń jẹ́ JAPC, ń gba Horizon nímọ̀ràn.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, Hitachi ló ni Horizon tó fẹ́ rajà, Hitachi náà ló fẹ́ tajà. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì. Bí iye owó bá lọ sókè, kò sí oníbàárà tó lè ta kò ó, kò sì sí ọlọ́jà tó lè dá ẹ̀bi rẹ̀ sí oníbàárà lọ́rùn. Inú ìwé ìṣirò Hitachi ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti wá àwọn mìíràn tí wọn yóò jọ ni Horizon. Wọ́n wá a lóòótọ́, wọn ò rí.

Kí nìdí tí ó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

ABWR ni wọ́n ń pe irú ríákítọ̀ tí Hitachi fẹ́ kọ́. Omi á hó nínú rẹ̀, ooru omi náà á lọ yí tọ́báìnì tààrà. Méjì ni wọ́n fẹ́ kọ́ sí Wylfa, àwọn méjèèjì yóò sì máa pèsè ó kéré tán 2,700 mẹ́gáwáàtì. Mẹ́rin irú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí ní Jàpáànù. Méjì àkọ́kọ́, tó wà ní Kashiwazaki-Kariwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1996 àti 1997, kò sì ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ tí wọ́n fi kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ ohun ìwúrí, nítorí pé irú ríákítọ̀ tuntun tí àwọn Faransé ń kọ́ nígbà yẹn ní Flamanville ti pẹ́ kọjá àkókò púpọ̀.

Ṣùgbọ́n Bìrìtéènì ò ní irú rẹ̀ rí. Ohun tí Jàpáànù ti yẹ̀ wò kò tó fún ONR, àfi kí àwọn fúnra wọn yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ó parí ní oṣù Kejìlá 2017. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí wọ́n ń pe èyí ní ìdádúró aláìnídìí, ẹ má gbà á kíákíá. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kọ́ ríákítọ̀ sí ni yóò bá a gbé fún ọgọ́ta ọdún. Ó yẹ kó lè dáhùn fún un fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ pé ìwé ẹlòmíràn ló gbọ́kàn lé. Ní tèmi, owó tí wọ́n ná síbẹ̀ kò ṣòfò.

Ìwé àṣẹ mìíràn ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn: àṣẹ láti lo ilẹ̀, àṣẹ láti fa omi òkun wọlé kí wọ́n sì dà á padà, àti ti àyíká. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wá wọn ni owó ń jáde.

Ta ló fẹ́ san owó rẹ̀?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilé iná tó ń lo gáàsì kò gbówó púpọ̀ láti kọ́, epo rẹ̀ ni wọ́n á máa rà lójoojúmọ́. Ti núkílíà yí i padà. Epo rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí yóò jẹ wọ́n kí iná àkọ́kọ́ tó tàn máa ń kọ ènìyàn lóminú. Fún Wylfa, ìròyìn Jàpáànù ń sọ nǹkan bí tírílíọ̀nù 3 yen nígbà tó fi máa di 2018. Ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni owó yìí yóò fi máa jáde, tí kọ́bọ̀ kan kò ní wọlé. Èlé orí rẹ̀ sì wá di ẹrù lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ká ní ènìyàn yá 100 pọ́n-ùn, tí kò sì lè dá nǹkan kan padà títí ọdún mẹ́jọ. Bí èlé rẹ̀ bá jẹ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, gbèsè náà yóò di nǹkan bí 127. Bí èlé bá jẹ́ 9, yóò di 199. Ilé kan náà ni, kọnkéré kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ kò ju bí ẹni tó yá wọn lówó ṣe ń bẹ̀rù tó. Ìjọba máa ń rí owó yá ní èlé kékeré nítorí pé kò sẹ́ni tó rò pé Bìrìtéènì yóò sá lọ. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó fẹ́ kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti pẹ́ ju àkókò lọ kò ní rí irú èlé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí Bìrìtéènì gbà ran Hinkley Point C, ilé iná núkílíà tuntun kan ní England, lọ́wọ́ ni pé wọ́n dá iye iná rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú: pọ́n-ùn 92.50 fún mẹ́gáwáàtì-wákàtì kọ̀ọ̀kan ní iye owó ọdún 2012, fún ọdún márùndínlógójì. Bí iye iná lọ́jà bá kéré sí i, àwọn tó ń san owó iná ló ń fi ìyókù kún un. Bí ó bá jù ú lọ, ilé iná ló ń dá àlékún padà. Èyí ń yọ ẹ̀rù ọjà kúrò lọ́kàn akọ́lé. Àmọ́ kò yọ ẹ̀rù iṣẹ́ kúrò. Bí ilé náà bá pẹ́ ọdún mẹ́ta ju àkókò lọ, ọ̀rùn akọ́lé ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. EDF, ilé-iṣẹ́ iná Faransé tó ń kọ́ Hinkley, lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìjọba Faransé wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba China kan sì jọ ń ná owó náà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà yẹn. Hitachi kò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀.

Ariwo tí iye Hinkley sì fà ní Bìrìtéènì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí olóṣèlú tó tún fẹ́ fọwọ́ sí irú iye yẹn.

Ṣé ìjọba kò ṣe ohunkóhun ni?

Wọ́n ṣe ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2018, Hiroaki Nakanishi, alága Hitachi, lọ rí Theresa May, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà, ní London. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, Greg Clark sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ìjọba yóò gbé e yẹ̀ wò láti fi owó tirẹ̀ sínú Wylfa. Ìyípadà ńlá nìyẹn, nítorí láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìjọba Bìrìtéènì ti ń sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni ni yóò máa kọ́ ilé iná.

Nígbà tí iṣẹ́ dúró ni Clark tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ti nà síwájú Hitachi: ìjọba yóò ra ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín ilé iná náà, yóò ṣètò gbogbo owó tí wọ́n nílò láti yá, yóò sì ra iná rẹ̀ ní iye tí kò ní ju pọ́n-ùn 75 lọ fún mẹ́gáwáàtì-wákàtì kan.

Ìdá méjì tó kù wá ńkọ́? Hitachi fẹ́ kí ìpín òun dín kù débi tí Horizon kò ní wà nínú ìwé ìṣirò òun mọ́. Nítorí náà, wọ́n ń wá àwọn ilé-iṣẹ́ Jàpáànù mìíràn tí yóò bá wọn dá owó. Àwọn ilé-iṣẹ́ iná Jàpáànù kò fẹ́, ríákítọ̀ tiwọn nílé ò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìtajà òkè òkun nínú ìpàdé, gbogbo ènìyàn ló ń mi orí. Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú na ọwọ́ sápò, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an ní 2019?

Hitachi sọ pé bí òun ti jẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, òwò náà kò bọ́gbọ́n mu fún òun bó ṣe wà yẹn. Ó ka nǹkan bí bílíọ̀nù 300 yen sí àdánù. Nígbà tí ìròyìn ìdádúró náà ń jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìpín Hitachi lọ sókè lọ́jà. Ẹ rò ó wò: wọ́n gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ sọ owó tó tó báyẹn nù, inú àwọn olówó dùn. Ohun tó tún lè ná wọn lẹ́yìn ìyẹn ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ìdádúró ni wọ́n pè é lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, wọ́n sọ pé àwọn ti kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Kí ni àwọn ará Ynys Môn sọ?

Ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ti pẹ́ tí ó ti fẹ́ kí erékùṣù náà di ilé iṣẹ́ iná, ọ̀dọ́ sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ lábẹ́ Horizon. Ẹgbẹ́ PAWB, tí orúkọ wọn lédè Wales túmọ̀ sí àwọn ènìyàn tó fẹ́ dá Wylfa kejì dúró, ti ń tako ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tó ti pẹ́. Ní 2015, Naoto Kan wá sí erékùṣù náà. Òun ni olórí ìjọba Jàpáànù nígbà tí Fukushima ṣẹlẹ̀. Ó wá sọ fún wọn pé ohun tí òun rí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ló yí òun lọ́kàn padà lórí núkílíà. Ìjọba tó wà lórí oyè ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ń polówó ríákítọ̀ kan náà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì sún mọ́ mi lọ́kàn. Ó lé ní ìdajì àwọn ará Ynys Môn tó ń sọ èdè Wales. Bí iṣẹ́ bá dé góńgó, ó tó 8,500 òṣìṣẹ́ tí yóò wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn láti ibòmíràn. Horizon fẹ́ kọ́ ilé fún 4,000 nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́. Èdè tó ti ń bá Gẹ̀ẹ́sì du ààyè láti ọgọ́rùn-ún ọdún lè má lè gba irú ìkún omi bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó ń sọ èyí kò kórìíra àlejò. Wọ́n mọ̀ pé bí ọmọdé kò bá gbọ́ èdè kan mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àti ní pápá ìṣeré, kò ní pẹ́ tí yóò fi kúrò nílé.

Àwọn olùyẹ̀wò ètò ilẹ̀ gbà pé ìṣòro wà. Nínú ìròyìn wọn ti 2019, wọ́n gba ìjọba nímọ̀ràn pé kó má fọwọ́ sí i. Lára ìdí wọn ni ti ilé gbígbé àti èdè, àti ti àwọn ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní tern, tí wọ́n ń yé sí Cemlyn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ náà. Ìjọba ń sún ọjọ́ ìpinnu síwájú títí Horizon fi kó ìwé rẹ̀ padà ní oṣù Kìíní 2021.

Bí jàmbá bá ṣẹlẹ̀, ṣé Jàpáànù ni yóò sanwó?

Rárá. Lábẹ́ Àdéhùn Paris tí Bìrìtéènì wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń darí ilé iná ló ń dáhùn fún jàmbá núkílíà, kì í ṣe ẹni tó ta ríákítọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní adójútòfò fún un, iye kan sì wà tí ìdáhùn rẹ̀ kò ní kọjá. Ṣùgbọ́n rántí pé Hitachi náà ló ni Horizon.

Ṣé àwọn iṣẹ́ Jàpáànù yòókù lókè òkun yọrí sí rere?

Ó dùn mí láti sọ pé kò sí èyí tó yọrí nínú àwọn ńlá. Vietnam gbà ní 2010 kí Jàpáànù kọ́ ríákítọ̀ sí Ninh Thuan. Ní oṣù Kọkànlá 2016, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Vietnam fagi lé e nítorí owó. Ní Tọ́kì, ìjọba méjèèjì ṣe àdéhùn lórí Sinop ní 2013, Mitsubishi àti àwọn Faransé ni yóò kọ́ ọ. Nígbà tó di 2018, àwọn ìwé ìròyìn Jàpáànù ń sọ pé iye rẹ̀ ti kúrò ní tírílíọ̀nù 2 yen, ó ti di nǹkan bí 5. Ìyẹn náà parí síbẹ̀. Ti Toshiba ló burú jù. Ó ra Westinghouse ti Amẹ́ríkà ní 2006 ní bílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Iṣẹ́ tí Westinghouse ń ṣe ní Georgia àti South Carolina pẹ́, owó rẹ̀ kọjá ìdíwọ̀n, Westinghouse sì wọ gbèsè débi tó fi lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Kẹta 2017. Iṣẹ́ Moorside tí Toshiba fẹ́ ṣe ní England, òun fúnra rẹ̀ ló fagi lé e ní oṣù Kọkànlá 2018, oṣù méjì péré ṣáájú Wylfa.

Gúúsù Kòríà ṣe é ní Barakah. Kí ni wọ́n ṣe tí Jàpáànù kò ṣe?

Ní oṣù Kejìlá 2009, ilé-iṣẹ́ KEPCO ti Gúúsù Kòríà gba iṣẹ́ ríákítọ̀ mẹ́rin ní Barakah, ní Abu Dhabi, nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là, níwájú àwọn Faransé àti ẹgbẹ́ tí Hitachi fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ríákítọ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná ní 2021, ìkẹrin ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Òun náà pẹ́ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, àmọ́ ó parí.

Mo rò pé ìdí méjì ló ṣe kókó. Àkọ́kọ́, ìjọba Abu Dhabi fúnra rẹ̀ ló yá iṣẹ́ náà lówó: nínú bílíọ̀nù 24.4 dọ́là tí wọ́n kéde ní 2016, bílíọ̀nù 16.2 jẹ́ ẹ̀yáwó tààrà láti ọ̀dọ̀ ìjọba ibẹ̀. Ìkejì, ìjọba Gúúsù Kòríà ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú KEPCO, wọn kò sì dáwọ́ kíkọ́ ríákítọ̀ dúró nílé. Irú èyí tí wọ́n tà fún Abu Dhabi ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà ní Shin-Kori lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó ń rajà lè lọ wò ó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ohun tí Hitachi ní láti fi hàn nígbà tirẹ̀ ni ríákítọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti pa látìgbà Fukushima.

Ẹ má fi èyí sọ pé gbogbo ohun tí Kòríà ṣe ló dára. Ní 2013, ó hàn pé ìwé ẹ̀rí wáyà tí wọ́n lò ní Shin-Kori jẹ́ ayédèrú, ó sì di dandan kí wọ́n pààrọ̀ wọn.

Ṣé Bìrìtéènì kọ́ ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀?

Wọ́n yí òfin padà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 gbà pé àwọn tó ń lo iná lè bẹ̀rẹ̀ sí í san díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣì ń kọ́ ilé iná lọ́wọ́, kí èlé má bàa gorí èlé. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi fọwọ́ sí Sizewell C, ilé iná núkílíà mìíràn ní England, ní oṣù Keje 2025, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì ní ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ìdílé kan lè máa sanwó lórí iná tí kò ní tàn fún ọdún mẹ́wàá. Bí ilé náà bá pẹ́, wọ́n á tún san sí i. Ẹrù tí Hitachi kọ̀ láti rù kò pòórá o, wọ́n gbé e lé àwọn tó ń san owó iná lórí ni. Ó lè jẹ́ pé ohun tó yẹ nìyẹn, ilé iná tí yóò pẹ́ fún ọgọ́ta ọdún jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún wọn lọ́rọ̀ tó yé, kì í ṣe nínú ìwé òfin nìkan.

Kí ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí?

Ní oṣù Kẹta 2024, ìjọba Bìrìtéènì ra Wylfa àti Oldbury lọ́wọ́ Hitachi ní mílíọ̀nù 160 pọ́n-ùn. Ẹ fi wé mílíọ̀nù 696 tí Hitachi san, ká má tíì ka gbogbo ohun tó ná lé e lórí. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba kéde pé Wylfa ni wọn yóò kọ́ àwọn ríákítọ̀ kéékèèké àkọ́kọ́ ti Rolls-Royce sí, mẹ́ta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì tó 470 mẹ́gáwáàtì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ló ń darí rẹ̀ báyìí, ilẹ̀ Bìrìtéènì ni wọ́n ti ń ya àwòrán ríákítọ̀ náà. Kò sí ìkankan irú rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ rí níbikíbi, nítorí náà ONR ti wà lẹ́nu àyẹ̀wò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún ti Hitachi.